Ràímì Tó Ń Fi Ojú-Ewé Ìkẹyìn Pamọ́

Ní gbogbo Kétu, títí wọ Ìkòsì, kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Richard ará Mende sáré ti Àgbádárìgì dé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti iyanrìn òkun létí. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́ ọ rí, àlejò ni. Kí wọ́n fún un lómi mu, kí wọ́n wá àga fún un.

Richard àti ìyàwó rẹ̀ ló lọ ṣe họ́lidé létí òkun. Kí wọ́n tó lọ, ó yà sí ìsọ̀ Ràímì Ọlábámijí, tó ń ta àlòkù ìwé ní Ìkòsì, ó ra ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan dání. Nínú ìtàn náà, wọ́n pa olówó kan sínú yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú. Richard kà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó dé ibi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti kó gbogbo ará ilé jọ, tó nàka, tó la ẹnu: “Ẹni tó pa á ni…” Richard ṣí ojú-ewé, ẹ̀yìn ìwé ló bá pàdé.

Ó wo òkun, òkun wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dúró níwájú ìsọ̀.

“Bàbá! Ojú-ewé ìkẹyìn dà?”

Ràímì ò tilẹ̀ dìde. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. “Richard, káàbọ̀. Ṣé họ́lidé ti parí ni?”

“Kò tíì parí! Ìyàwó mi ṣì wà ní Àgbádárìgì.”

“O fi ìyàwó sílẹ̀ nítorí ojú-ewé kan ṣoṣo? Ojú ò tì ọ́?”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ yọ ọ́!”

“Èmi ni mo yọ ọ́,” ni Ràímì wí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. “Padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ. Tí ẹ bá délé láyọ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wá gbà á.”

Richard kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkùnrin tó ń wọ táì lọ síṣẹ́. “Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ kàn sọ ẹni tó pa á.”

Ràímì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ẹnu sí i létí. “Télọ̀ ni.”

Ara Richard balẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọkọ̀ ti gbé e kọjá Ọjọ́ta kí ó tó rántí pé kò sí télọ̀ kankan nínú ìwé náà.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Ràímì, wà lórí àpótí rẹ̀ nígbà tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, ó ń fi àkísà nu ìwé. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé nínú gbogbo ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ọkọ òun bá kà, télọ̀ ló máa ń pààyàn. Kì í ṣe ẹjọ́ òǹkọ̀wé. Télọ̀ kan ló ba aṣọ Iléyá Ràímì jẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ní Ìṣẹ́yìn, apá ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, kò sì sí òkú tí wọ́n rí láyé mọ́ tí Ràímì ò mọ ẹni tó wà ní ìdí ẹ̀.

Àṣà ojú-ewé yẹn ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Tí o bá ti sọ pé o fẹ́ gbé ìwé lọ sí ìrìnàjò, Ràímì á fa abẹ yọ, á gé ojú-ewé ìkẹyìn bí ẹni ń gé èékánná ọmọ jòjòló, á kọ orúkọ rẹ sí i lẹ́yìn, á jù ú sínú agolo bísíkíìtì. Tí o bá dé, o wá kí i, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà sáàyè ẹ̀. Àwọn kan bínú sí i. Àwọn kan ṣépè. Ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń dá gbogbo wọn lóhùn.

“Ọ̀nà ò mojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ òpin ìtàn, á padà wálé.”

Kò sì jẹ́ kí oníbàárà dá ìwé yàn. Á kọ́kọ́ ní kí o jókòó. “Níbo lò ń lọ? Ta lò ń bá lọ? Ṣé ẹ kì í jà lọ́nà?” Ẹni tó ń lọ kí ìyá ọkọ, ìwé tó nípọn jù lọ ló máa ń fún un, nítorí ó ní ìyá ọkọ kì í rán ẹni tí kò bá rí ojú rẹ̀ níṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Vivian tó ń gbé ní àdúgbò Anthony ṣe gbé ìwé ìfẹ́ kan tó nípọn lọ sílé ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé inú apẹ̀rẹ̀ ata láti ọjà Mile 12 ni Ràímì ń to ìwé sí. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà nínú apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé, ìwé atọ́nà ìlú wà nínú ti tòmátì, ìwé ìfẹ́ wà nínú ti ata rodo. Vivian ṣí ojú-ewé kìn-ín-ní, ó sín. Ó ṣí èkejì, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ìyá ọkọ rò pé ọmọ òun ló ń fìyà jẹ ìyàwó, ló bá fa ọmọ létí lójú àlejò.

“Bàbá, ata wà nínú ìwé yín!” ni Vivian wí nígbà tó dé.

“Ìwé ìfẹ́ ni ìwọ náà rà. Níbòmíì, ìwọ lo máa fúnra rẹ wá ẹkún. Tiwa, ẹkún ti wà nínú ẹ̀.”

Vivian rẹ́rìn-ín, ó tún ra ìwé atọ́nà Kùtọ̀nú. Ìwé náà ju ìyá tó bí i lọ́jọ́ orí lọ. Ó ní kí ó yà sósì níbi igi ńlá kan, yóò rí hòtẹ́ẹ̀lì. Vivian débẹ̀, kò sí igi, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì, òjò sì ṣú. Ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń dín ẹja, obìnrin yẹn mú un wọlé, ó fún un lóúnjẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ dì í nírun. Títí di òní, wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n sì ni Vivian ń pè é.

“Ṣé o rí i?” ni Ràímì wí nígbà tó gbọ́. “Ká ní ìwé yẹn tọ̀nà, hòtẹ́ẹ̀lì lo ì bá sùn sí. Ta ló ń pe hòtẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀gbọ́n?”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ ò dé ọkàn. Òun nìkan ló mọ̀ pé ọkùnrin tó ń yanwé họ́lidé fún gbogbo Èkó, òun fúnra rẹ̀ ò ṣe họ́lidé rí.

Ibì kan ṣoṣo ni Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ dé láyé yìí: Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ó ti rí fọ́tò ẹ̀ nínú ìwé atọ́nà kan ní ọdún tí wọ́n fẹ́ra, ó sì sọ fún Ràímì. Ràímì ní, “Ó di dandan, Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ n kọ́kọ́ yan ìwé tí mo máa kà níbẹ̀.”

Wọ́n bí Nusirat, ó ń yanwé lọ́wọ́. Nusirat jáde ilé ìwé, ó ń yanwé. Nusirat bí ọmọ tirẹ̀. Irun Àbẹ̀kẹ́ funfun, eékún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

“Bàbá Nusirat, ìwé wo lẹ wá mú báyìí?”

“Mo ti dín in kù sí apẹ̀rẹ̀ kan.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó gbọ́ èyí, Àbẹ̀kẹ́ wo ọkọ rẹ̀ tó sùn sórí àga, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣí sílẹ̀ láyà rẹ̀, tó kù díẹ̀ kó parí. Ó wo abẹ. Ó wo ìwé. Lọ́jọ́ kejì, Ràímì dé ìsọ̀, kò bá ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. Ó jókòó, ó kàwé rẹ̀. Ó dé ibi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti nàka. Ó ṣí ojú-ewé.

Àwọn tó wà ní ìsọ̀ nítòsí ní àwọn rò pé ejò ló bù ú jẹ.

Fóònù rẹ̀ dún. “Bàbá Nusirat, ẹ kúu ìrọ̀lẹ́ o. Èmi àti Rùkáyátù ẹ̀gbọ́n mi ti dé Ìkọ́gòsì. Ojú-ewé yín wà lọ́wọ́ mi.”

“Àbẹ̀kẹ́! Olè lèyí!”

“Kì í ṣe olè o. Àṣà ilé wa ni.” Ó pa fóònù.

Ràímì fi ọwọ́ sọ̀yà. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó yà kí i pé òun ò ní lọ, pé ẹni tó ti ka ìwé tó bí òun ṣe kà á, kí ló fẹ́ fi ojú-ewé ìkẹyìn ṣe? Télọ̀ ni. Richard yà síbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fi sùúrù jókòó tì í.

“Bàbá, ṣé télọ̀ tiẹ̀ wà nínú ìwé yẹn?”

Ràímì ro ó títí. “Wọ́n wọ aṣọ nínú ẹ̀,” ló wí.

“Ẹ ò wá mọ̀ ọ́n nìyẹn.”

“Mo mọ̀ ọ́n!”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sùn re o, Bàbá.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Ràímì ti dé gáréèjì Ọjọ́ta.

Àbẹ̀kẹ́ wà létí omi ní Ìkọ́gòsì nígbà tó gbọ́ ariwo lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀ nínú agbádá, ọlọ́kadà méjì tẹ̀ lé e, oníkálukú gbé apẹ̀rẹ̀ ìwé lérí. Òógùn bo gbogbo wọn. Rùkáyátù fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Apẹ̀rẹ̀ méjì, Bàbá Nusirat?”

“Mi ò tíì mọ èyí tí mo máa mú,” ni Ràímì wí. “Mú ojú-ewé mi wá.”

“Tí a bá délé láyọ̀.”

Ó wò ó. Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ló ni ín. Ó bọ́ bàtà, ó ká agbádá sókè, ó ki ẹsẹ̀ kan sínú omi gbígbóná, ó ki èkejì sínú omi tútù, ó sì pariwo tí ẹyẹ fi kúrò lórí igi. Láti ìgbà yẹn, wọn ò lè mú un kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé atọ́nà àtijọ́, ó ń kà á sókè fún àwọn àlejò. Ìwé ní bẹ́ǹṣì kan wà lápá ọ̀tún omi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, “Bàbá, kò sí bẹ́ǹṣì níbí o.” Ràímì wo ìwé, ó wo ilẹ̀. “A jẹ́ pé omi ló ti kúrò ní àyè ẹ̀.”

Nírọ̀lẹ́, òun àti Àbẹ̀kẹ́ á jókòó, ẹsẹ̀ nínú omi. Kò kàwé nígbà yẹn. Ó fi ọwọ́ kan eékún ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ṣé gbígbóná yẹn ń ṣiṣẹ́?” Àbẹ̀kẹ́ ní ó ń ṣiṣẹ́. “Mo pẹ́ jù,” ni Ràímì wí. Àbẹ̀kẹ́ ní, “Ẹ ti dé.”

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìkòsì, Àbẹ̀kẹ́ fún un ní ojú-ewé rẹ̀. Gbogbo ará ìsọ̀ yí i ká. Ràímì kà á. Ó tún un kà. Dókítà ẹbí ló pa á.

Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ràímì ká ojú-ewé náà, ó tì í sápò. “Òǹkọ̀wé ló ṣì í,” ló wí.

Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ni wọ́n ń lọ họ́lidé. Àbẹ̀kẹ́ ló ń gé ojú-ewé, Ràímì ló ń sọ̀yà, wọ́n á sì jọ padà wá gbà á. Lọ́dún yìí, Òkè Ìdànrè ló kàn. Ìwé ti wà nílẹ̀, ojú-ewé ìkẹyìn ti wà nínú agolo. Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kí ọjọ́ tó pé, nítorí kò ní sùúrù rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sùn sórí àga, ìwé ṣí sílẹ̀ láyà rẹ̀. Kò jí.

Wọ́n sin ín gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí rere. Èrò tó wá kí Àbẹ̀kẹ́ pọ̀ débi pé wọ́n dí ọ̀nà mọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ gbé ìwé dání, ìwé tí wọn ò tíì gba òpin rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ṣí agolo, ó pe orúkọ, ó ń fún wọn níkọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku ẹyọ kan. “Ràímì” ni Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kọ sí i lẹ́yìn.

Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà ní ìsọ̀ yẹn lónìí. Ó ń bi oníbàárà níbi tí wọ́n ń lọ, ó ń gé ojú-ewé bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń gé e. Richard yà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń lọ sí Àgbádárìgì. Ó yọjú sínú agolo, ó rí ojú-ewé Ràímì níbẹ̀.

“Mummy, ẹ ò tíì kà á?”

“Mi ò tíì kà á.”

“Kò ṣe yín bíi kẹ́ẹ mọ ẹni tó pààyàn náà ni?”

Àbẹ̀kẹ́ dé agolo, ó nu eruku orí ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èyí sì dé ọkàn.

“Télọ̀ ni,” ló wí. “Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá Nusirat ló jàre.”