Àtàǹpàkò tí Ẹ̀rọ Kò Dá Mọ̀

Mi ò fẹ́ràn obìnrin yẹn rárá, mi ò sì ní tìtorí pé ó ti pẹ́ kí n wá máa pọ́n ọn. Òun ni alábòójútó wa níbi tí a ti ń yọ ìgbín ní Challenge. Màdáámù là ń pè é. Gbogbo àsìkò òjò méjì tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò fọwọ́ kan ìgbín kan, àfi èyí tí wọ́n bá ti dín.

Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, àpò lórí àpò ni wọ́n ń kó ìgbín wá láti Ìwó Road. Àwa obìnrin mẹ́jọ á da omi gbígbóná sí i, a ó fi wáyà fà á jáde nínú ìkarahun, a ó fi álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, fọ̀ ọ́ títí kò fi ní yọ̀ mọ́, ká tó kó o sí fìríìsà. Álọ́ọ̀mù yẹn ń ta èèyàn! Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Màdáámù ti gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ wa, ó ní kì í jẹ́ kí ọwọ́ wa yá.

Mo ní, "Màdáámù, ẹ ti ọwọ́ tiyín bọ̀ ọ́ wò ná."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ló fi ń lọlẹ̀. Máa sọ̀rọ̀ lọ."

Ọdún kejì ló gbé ẹ̀rọ kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Kéèyàn tó wọlé, yóò tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó wá síṣẹ́. Wọ́n gba ìka wa sílẹ̀ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò tó oṣù kan tí álọ́ọ̀mù fi jẹ ìlà ìka wa. Màdáámù tẹ tirẹ̀, iná aláwọ̀ ewé tàn. Mo tẹ tèmi, pupa. Màmá tó ń jókòó tì mí, tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́, tẹ tiwọn, pupa.

"Ẹ ò wá síṣẹ́ nìyẹn," ni Màdáámù wí. Àwa tá a dúró síwájú ẹ̀! Ó ní ẹni tí ẹ̀rọ bá ṣì kọ̀ ní Mọ́ńdè, kó máa lọ sílé. Èmi nìkan ni mò ń bọ́ ilé nígbà yẹn.

Màmá ya ọ̀rá búrẹ́dì, wọ́n fi òrí pa àtàǹpàkò mi, wọ́n sì fi ọ̀rá náà dì í. "Má jẹ́ kí álọ́ọ̀mù kàn án mọ́."

"Tiyín ńkọ́, Màmá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tèmi ti kọjá òrí."

"Tí wọ́n bá lé yín, èmi náà ò ní wọlé. Mo búra."

Ní Mọ́ńdè, mo tẹ tèmi. Iná aláwọ̀ ewé. Màmá tẹ tiwọn, wọ́n nu ìka mọ́ ìró, wọ́n tún un tẹ̀. Pupa. Màdáámù ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. "Màmá, ẹ máa lọlé."

Màmá wò mí. Èmi elẹ́nu bí abẹ, ilẹ̀ ni mo tẹjú mọ́. Ojú tì mí, mo sì wọlé.

Àpótí ìjókòó Màmá ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yọ ọ̀rá búrẹ́dì yẹn lápò, mo fi òrí pa àtàǹpàkò mi, mo sì dì í.