Ògbufọ̀ Tí Kò Ní “Èmi” Tirẹ̀

Ẹnu-Ẹlẹ́nu ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni, ọmọ kan ṣoṣo tí opó aránṣọ kan bí, tí ó sì fi abẹ́rẹ́ tọ́ dàgbà. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ó ń ṣe láàárín àwọn dókítà àti àwọn aláìsàn tí kò gbọ́ èdè wọn. Òfin iṣẹ́ náà kò fàyè gba àbùlà: bí aláìsàn bá ní, “Inú ń run mí,” ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé, “Inú ń run ún.” “Inú ń run mí” gan-an ni yóò sọ. Nínú yàrá yẹn, kò ní “èmi” tirẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Bọ̀dá, oyún yín kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ rọra máa gun àtẹ̀gùn o.”

“Ẹ bá mi wá bàbá wọn,” ni yóò fèsì.

Òfin mìíràn tún ni pé ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ gbufọ̀ fún ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kókó yọ sí ìfun ìyá rẹ̀, kò lè fi ọ̀rọ̀ màmá sí ẹnu ẹlòmíràn; òun fúnra rẹ̀ ni ó gbufọ̀. Dókítà tí ó ń tọ́jú ìyá, ẹni tuntun, kò mọ̀ pé ìyá àti ọmọ ni àwọn méjèèjì.

Dókítà ní bí òun bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyá lè yè é. Ògbufọ̀ tú u bí ó ti wà.

“Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́,” ni ìyá wí. “Mo ti wọ abẹ́ ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan rí, ó ti tó mi. Ilé ni mo fẹ́ kú sí.”

Ẹ̀bẹ̀ ọmọ ni ó jáde lẹ́nu ògbufọ̀, ní èdè dókítà: “Ẹ ṣe é. Mo bẹ̀ yín, mo fẹ́ kí ẹ ṣe é.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú yàrá yẹn nìyẹn, dókítà sì gbà pé ìyá ni ó sọ ọ́. Ó di ọwọ́ arúgbó náà mú. “Akíkanjú ni yín.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní akíkanjú ni yín, Màmá.”

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọmọ rere ni. Mo ti rò pé wọ́n á bá mi jà ni.”

Dókítà ti mú gègé láti kọ iṣẹ́ abẹ náà sínú ìwé. Bí Ẹnu-Ẹlẹ́nu bá kàn dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ yè. Ó wo ojú màmá, ojú ẹni tí a ti gbọ́ tirẹ̀.

“Dókítà, èmi ni mo sọ ìyẹn. Ìyá tó bí mi nìyí. Ohun tí wọ́n wí ni pé àwọn kò ṣe é.”

Dókítà gbé gègé sílẹ̀.

“Kí lo ń sọ fún wọn tó gùn tó bẹ́ẹ̀?” ni ìyá bèèrè.

“Ọ̀rọ̀ yín ni, Màmá.”

“Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má bù mọ́ ọn.”

Ilé ìwòsàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òfin tí ó rú. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, ọdún 2018, ìyá rẹ̀ kú lórí ibùsùn ara rẹ̀.