Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Fi Síkẹ́ẹ̀tì Sáré

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí à ń gbé ní ẹ́sítéètì Jakande ní Ìsọlọ̀, ẹ̀gbọ́n kan wà lókè ilé wa tó ń sá eré ẹgbẹ̀rin mítà. Ìyẹn ni pé kéèyàn yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára sá ìyípo àkọ́kọ́, èémí rẹ̀ kì í tó ti ìkejì.

Díákónì ni bàbá rẹ̀, ní ìjọ tí obìnrin kì í ti í wọ ṣòkòtò. Bàbá ní ọmọ àwọn lè sáré, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wọ ṣòkòtò péńpé. Ìyá rẹ̀ bá rán síkẹ́ẹ̀tì tó kọjá orúnkún fún un. Òun ló fi ń sáré yí àwọn búlọ́ọ̀kù wa ká láràárọ̀. Àwọn ọmọkùnrin á ní, "Ìyá Ìjọ, ẹ rọra o, ìsìn ò tíì bẹ̀rẹ̀." Á kàn sá kọjá lára wọn.

Ọdún tó lò kẹ́yìn nílé ìwé ni wọ́n fẹ́ yan àwọn tí yóò ṣojú Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìdíje gbogbo Nàìjíríà. Ẹni méjì péré ni wọn yóò mú. Bàbá rẹ̀ wá wò ó, èmi náà bá wọn lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ipò kẹta ló wà. Òógùn ti mú kí aṣọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò lè na ẹsẹ̀ mọ́. Bàbá bá dìde lórí bẹ́ǹṣì.

"Ká a sókè! Ọmọ mi, ká aṣọ yẹn sókè!"

Ó fọwọ́ kan kó o jọ, ó sì kọjá àwọn méjèèjì.

Bàbá fúnra wọn ló ra ṣòkòtò péńpé fún un ní Òṣòdì. Ìjọ gba ipò díákónì lọ́wọ́ wọn fún oṣù mẹ́ta. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn kò sì tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n yìí gba ipò kìíní ní Nàìjíríà léraléra. N kò tíì rí ẹni tó sáré bíi tirẹ̀.

Lóde òní, àwọn ọmọbìnrin ń sáré ní títì Àgọ́ Palace láàárọ̀, ohun tó wù wọ́n ni wọ́n ń wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ta ló gbà wọ́n láyè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, ẹnì kan ní láti gba ọmọbìnrin láyè, kó sì fara mọ́ ohun tó bá tìdí ẹ̀ yọ.