Olólùfẹ́ Mi, Ẹni Igba Ọdún

Òórùn ọṣẹ ni ó máa ń jí mi láàárọ̀ ní ilé wa ní Joju, ní Sàngó. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ ní Agbára ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ òru. Bí bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ bá já wọn sílẹ̀, ìyẹ̀fun funfun a wà ní irun ojú wọn àti ní etí wọn. Wọn a kàgò lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi a dáhùn. Èmi a yíra padà, n óò tún sùn. Lẹ́yìn náà wọn a fa kọ́tìnì, wọn a sì sùn títí oòrùn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. "Ẹ má pariwo," ni ìyá mi máa ń wí. "Oòrùn ọ̀sán ni òṣùpá bàbá yín."

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, ìfẹ́ kó sí mi lórí. Olólùfẹ́ mi kì í ṣe ará Sàngó. Inú ìwé ni ó ń gbé. Ṣìfáwù, ọ̀rẹ́ mi tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní òdìkejì ilé wa, ni ó yá mi ní ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní yunifásítì ni ó ni ín. Ọmọkùnrin inú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, kì í fẹ́ rí oòrùn, kò sì lè wọ ilé ẹnikẹ́ni àfi bí wọ́n bá pè é wọlé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé nígbà tiwa, bí ọmọkùnrin bá fẹ́ràn ọmọbìnrin, èèpo ọsàn ni yóò jù lù ú. Èyí kò ju nǹkan kan. Gbogbo ara rẹ̀ ń béèrè ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn, síbẹ̀ ó ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Ìkóra-ẹni-níjàánu kan náà ni wọ́n ń kọ́ wa ní ìjọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lójú tèmi, ìrìbọmi nìkan ni ó kù fún un.

Mo ṣe gbogbo ètò tí ó yẹ. Mo bẹ ìyá mi kí wọ́n má fi áyù sí ọbẹ̀ mọ́, nítorí ìwé ní áyù a máa lé e. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣí fèrèsé, mo ká nẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Àgò yà o." Àwọn ẹ̀fọn Joju gbọ́ ìpè náà. Wọ́n wọlé tẹbí tará, wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ mi yó, ibà sì dá mi dùbúlẹ̀.

Níbi tí ìyá mi ti ń tún ibùsùn mi ṣe ni wọ́n ti rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí. Àwòrán ọrùn ọmọbìnrin kan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kán sí i. Ìyá mi wà lára àwọn tí ń fi èrò jókòó ní ìjọ ńlá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí etí títì. Wọ́n mọ ohun tí a ń ṣe sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Wọ́n ti mú ìṣáná.

Orí kan péré ni ó kù kí n mọ̀ bóyá ọmọbìnrin náà yóò gbà fún un. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ìwé oníwèé ni!"

Ariwo wa jí bàbá mi. Wọ́n jáde, ojú wọn pọ́n, wọ́n sì fi ọwọ́ bò ó nítorí ìmọ́lẹ̀. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Sọ ọ́ ní Yorùbá, oorun ò jẹ́ kí n gbọ́ òyìnbó."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹwà ni gbogbo rẹ̀. Mo yí i sí Yorùbá, ó di ọmọkùnrin kan tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan?" ni ìyá mi wí. "Àjẹ́ ni."

"Kì í wọlé láì jẹ́ pé wọ́n pè é, sà," mo yára fi kún un.

"Ó kúkú gbẹ̀kọ́," ni bàbá mi wí. "Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Igba ọdún, sà. Àmọ́ ó ṣì wà ní ilé ìwé girama. Ibẹ̀ ni ó ti rí ọmọbìnrin náà."

Bàbá mi mú ọwọ́ kúrò lójú.

"Igba ọdún," ni bàbá mi wí, "kò tíì ka ìwé mẹ́wàá tán? Ó wá ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣeré?"

"Àgbàyà!" Ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. "Ìfẹ́, ọmọ mi, àgbàyà gbáà lò ń gbé sùn!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí bàbá mi fi jókòó sílẹ̀.

"Ó tún ń sùn lọ́sàn-án," ni bàbá mi wí, "bẹ́ẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Lọ dá a padà fún Ṣìfáwù," ni ìyá mi wí. "A kì í dáná sun àgbàyà. Ojú ti tì í tó."

Mo ka orí tí ó kù. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí olólùfẹ́ mi bá ti la ẹnu, ohùn ìyá mi ni mo ń gbọ́: "Àgbàyà." N kò rántí mọ́ bóyá ọmọbìnrin náà gbà.

Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, mo ń múra àtiwọ yunifásítì, mo sì ka ara mi mọ́ àwọn tí ó gbọ́n. Ìyá mi a máa wí pé, "Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde." Ọmọ ọdún méjìlá ìjọ́sí ṣí fèrèsé fún àjèjì, nígbà tí ẹni tí ó funfun bí ẹfun, tí kì í rí oòrùn, tí kì í sì í wọlé láì kàgò, ń sùn ní yàrá kejì, lẹ́yìn iṣẹ́ òru tí ó fi ń rí owó ilé ìwé ọmọ náà san. Ní báyìí, bí òórùn ọṣẹ bá jí mi, n kì í yíra padà mọ́. Èmi ni mo ń sáré lọ ṣílẹ̀kùn. "Àgò yà o, sà," ni mo máa ń wí, bàbá mi a sì wọlé, tàwọn tẹ̀fọn.