Kọ́bọ̀ Oníhò Nínú Ìkòkò Òróró

Ìpara irun tí Sàwúdátù ń ṣe ní àdúgbò Alabar máa ń ta sánsán, àmọ́ oòrùn Kumasi kì í jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Òróró ẹ̀pà ló fi ń ṣe é. Tó bá ti di ọ̀sán, á yọ́, á ṣàn jáde lábẹ́ ìdérí agolo, á sì ba gèlè oníbàárà jẹ́. Lọ́dún 1955, Akosua tó ń bá a tà á ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Race Course sọ ọ́ sí i lójú:

"Sàwúdá, mabrɛ, ó ti sú mi! Tí èyí tó o máa gbé wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ bá tún yọ́, mi ò tà á mọ́."

Ṣé Sàwúdátù lẹni tí ìyẹn máa dá dúró? Oníbàárà rẹ̀ kan wà, Yaw, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun. Yaw ti sọ fún un rí pé irin kan tó ń jẹ́ níkẹ́lì ni àwọn òyìnbó fi ń mú òróró dì. Níkẹ́lì kẹ̀? Ṣebí ó wà nínú kọ́bọ̀ oníhò! Ló bá fi wáyà sín kọ́bọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó jù ú sínú ìkòkò òróró, ó koná mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sàláúdéènì, yọjú. "Wallahi, ọbẹ̀ olówó rèé! Bù fún mi, má gbàgbé ẹran o."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín, ẹ̀gbọ́n mi. Orí yín ò kúkú ní irun tá a fẹ́ fi ìpara sí."

Òróró hó, ó tutù, ó ṣì ń ṣàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Kọ́bọ̀ nìkan ló ń dán.

Ó gbé òróró rẹ̀, ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bó ṣe ròyìn kọ́bọ̀ fún Yaw, Yaw rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Maame, ah! Gáàsì dà? Háídírójìn ló ń wọnú òróró tó fi ń dì. Níkẹ́lì kàn ń so wọ́n pọ̀ ni, tó bá ṣe tán, á kúrò níbẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ kúnná!"

Ó fi ìyẹ̀fun dúdú kan hàn án. Ìyẹ̀fun funfun kan tó ń jẹ́ sakóníà, tí ooru kì í tètè bà jẹ́, ni wọ́n fi níkẹ́lì bò lára, kí níkẹ́lì má baà dì mọ́ra wọn. Yaw dà á sínú òróró Sàwúdátù, ó gbé e kaná, ó tú gáàsì sí i. Ó ń hó kùtùkùtù. Nígbà tó ṣe, ó sẹ́ ìyẹ̀fun kúrò, ó jẹ́ kí òróró tutù. Ẹ wo nǹkan! Òróró ẹ̀pà di funfun, ó le bí àbẹ́là!

"Ṣé mo lè ṣe é nílé?"

"Láéláé! Gáàsì yìí á gbé òrùlé yín lọ."

"Ó dáa, ẹ̀yin ẹ máa ṣe é, kí n máa gbé òróró wá."

"Ọ̀gá ò ní gbà."

"Ọ̀gá dà?"

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọ̀gá fi jáde. Ọ̀gá ń wá òróró tí wọ́n á fi dán ìyẹ̀fun wọn wò. Sàwúdátù ní òun á máa gbé e wá, kí wọ́n ṣáà máa dá ìdajì èyí tó bá dì padà fóun. Ọ̀gá gbà.

Ó po èyí tó le mọ́ ìpara rẹ̀. Nígbà tó di Jímọ̀, ó gbé agolo kan sínú oòrùn lójú Akosua, òun náà jókòó tì í. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó ṣí i, ó dojú rẹ̀ dé sókè gèlè tuntun tí Akosua wé.

"Agyei! Gèlè mi!"

Nǹkan kan ò kán.

Akosua gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo inú agolo. "Ó dáa," ló wí, ó ń to gèlè rẹ̀. "Kó ìyókù wọlé."