Ọrun tí Bàbá Kọ̀ láti Tà

Náírà márùn-ún ni wọ́n ń ta píọ̀ wọ́tà lọ́jọ́ tí mo ba ọrun bàbá jẹ́. Igbá omi wà lórí mi, mò ń sáré lọ sí Ìpakodò kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀, nígbà tí bàbá ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ tó ń fun fèrè níta.

"Ìyá olómi! Tú ọ̀sán ọrun yẹn kúrò kó o tó lọ o! Ọrun tó bá gbé ọ̀sán sùn, agbára ẹ̀ ti tán nìyẹn."

Ọ̀sán ni okùn awọ tí wọ́n fi ń fa ọrun. Mo ní, "Mo ti gbọ́ o, bàbá." Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ti dé títì.

Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá, ó háyà yàrá kan nínú ilé tá à ń gbé ní Ìkòròdú. Géètì ló ń ṣọ́. Tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, á jókòó sẹ́yìnkùlé, á máa fi ọ̀bẹ fá igi, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, á sì máa fi òrí pa á títí gbogbo ibẹ̀ á fi máa rùn bí ọmọ tuntun. Ó ní láyé bàbá bàbá òun, kò sí ilé ọdẹ tí kò ní ọrun. Ìbọn ló dé tó lé ọrun sórí àjà, ló wá ku kànnàkànnà ọmọdé.

Ìyá mi, tí ẹnu ẹ̀ jọ tèmi, á ní, "Bàbá, ogun wo lẹ ń múra ẹ̀?"

"Ti ẹnu yín ni."

Àwọn tó ń ṣe fíìmù ló ní kó gbẹ́ ọrun yìí. Owó ẹ̀ ló fẹ́ fi ra awò ojú, torí ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọ̀bẹ sì ti gé e lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tó sáré wọ bọ́ọ̀sì yẹn, ẹni tó yẹ kó gba géètì lọ́wọ́ ẹ̀ kò wá, ó lo ọjọ́ méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ méjì náà ni ọrun fi wà nínú oòrùn, tòun ti ọ̀sán lára ẹ̀. Èmi náà tún ń fi ta ìbẹ́pẹ onílé lọ́fà.

Nígbà tó dé, ó tú ọ̀sán. Ọrun kò nà mọ́, ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Ó tún so ó, ó ní kí n fà á. Dípò kó dún pin, ó dún bú, bí ìgbà tí èèyàn ju àkísà sílẹ̀. Bàbá ò nà mí. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí mo ti múra ẹkún sílẹ̀.

Obìnrin onífíìmù dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Bàbá, kò burú. Èjìká ni wọ́n kàn máa gbé e kọ́."

"Ọrun tí kò lè ta ọfà, igi ìdáná ni. Mi ò tagi."

"Bàbá, kámẹ́rà ò mọ̀ o!"

"Èmi mọ̀."

Ìyá mi ń pariwo pé kó gbowó, àbí orí ẹ̀ dàrú ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Bàbá ò ra awò ojú. Títí ó fi padà sílùú ẹ̀, ọwọ́ ló fi ń ríran: á di ojú, á máa fi àtàǹpàkò tọ igi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ní báyìí, mo rí i lórí fóònù pé àwọn ọmọ olówó ń sanwó l'Ékòó kí wọ́n lè kọ́ ọfà títa, wọ́n á tún wọ ìbọ̀wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ohun tá a fi ń pe bàbá ní ará oko ti di fàájì.

Èmi ò gbẹ́ ọrun rí, ẹ̀wà ni mò ń tà. Ẹnu mi mú, mo lè ta yanrìn fún ará Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé etí ọ̀sà. Àmọ́ tí ọjà bá ti bàjẹ́, ẹnu ọ̀hún á kọ̀ mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan ti ń ka owó àpò ẹ̀wà kan lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi: "Àǹtí, kòkòrò ti wọ ìdí ẹ̀ o." Ó dúpẹ́, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó pàtẹ tì mí. Èrè tó bọ́ lọ́wọ́ mi lórí àpò yẹn, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.