Ọkùnrin Tó Ń Wo Ọmọ Mi Láti Òkè Òkun

Aṣọ ni mo ń rán nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìsọlọ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni mo sì bí. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń sọ pé mo ti ń ṣọ́ ọmọbìnrin náà jù. Mi ò ní jiyàn. Mo máa ń yẹ èékánná rẹ̀ wò, mo máa ń tọ́ omi rẹ̀ wò kó tó mu ún, mi ò sì jẹ́ kó dá wọ Márúwá rí. Ibi kan ṣoṣo tí mo máa ń rán an lọ tí ọkàn mi ń balẹ̀ ni ilé lẹ́sìnì tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, nítorí mo lè rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkìtì kan ló ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ó mọ ìṣirò í kọ́ni, kì í sì í lu ọmọ. Nígbà tó yá, ó ní kí àwa òbí má sanwó mọ́. Inú gbogbo ènìyàn dùn, ṣùgbọ́n èmi lọ bi í pé ta ló ń san án. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àwọn ọmọ wa ló wà nínú fídíò náà, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n kọ orúkọ àjèjì kan sí, wọ́n ń fò, wọ́n ń kí ẹni náà kú ọjọ́ ìbí.

"Àwọn òyìnbó ló ń rà á, Mọ́mì," ó ní. "Ẹni tó bá ń ṣọjọ́ ìbí, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á sanwó pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà kí i. Wọ́n á wò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí."

"Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Ó ní ohun tí wọ́n ń san kò ju ohun tí wọ́n fi ń mu kọfí láàárọ̀ lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, oúnjẹ ilé ni. Kò yé mi bí ilé ayé kan náà ṣe gba irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó burú nínú kí ọmọdé kí ènìyàn.

Ọmọ tèmi ló yí i padà láìmọ̀. Nílé wa, a kì í wà ní ìdúró dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan fi owó bísíkíìtì ránṣẹ́, tí tíṣà ní kí wọ́n dúpẹ́, àwọn yòókù fò sókè. Òun fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, ó tẹrí ba, bó ṣe máa ń ṣe fún ìyá mi. Ẹni tó rà á fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Láti ìgbà náà, ìkúnlẹ̀ ni gbogbo wọn ń béèrè fún. Àwọn ọmọkùnrin pàápàá, tó yẹ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, tíṣà kọ́ wọn ní ìkúnlẹ̀. Ìyẹn kò bá mi lára mu. Àwa mọ̀ pé ìkíni ni. Mi ò mọ ohun tí àwọn tó ń wò ó lọ́hùn-ún rò pé ó jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láìwọ bàtà, bàtà á wà nínú báàgì rẹ̀.

"Ta ló ní kó o bọ́ ọ?"

"Tíṣà ni. Wọ́n ní tá a bá wọ bàtà, wọn ò ní gbà pé a ò lówó."

"Ṣé a ò lówó ni?"

Ó rò ó díẹ̀. "Mi ò mọ̀, Mọ́mì. Ṣé a lówó?"

Aládùúgbò wa tó ń gbé òkè, ará Oǹdó, òṣìṣẹ́ ìjọba tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé ńlá kan ní Àgọ́ Palace, gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ó ní. "Ọmọ yín ti ríṣẹ́ kí tèmi tó kàwé tán. Tí wọ́n bá ń wá ìyá tó máa sunkún, ẹ pè mí, mo mọ̀ ọ́n ṣe." Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àpótí kan dé láti òkè òkun, aṣọ ọmọdébìnrin wà nínú rẹ̀. Tíṣà ní ọkùnrin kan ló fi ránṣẹ́, ẹni tí kì í béèrè fún gbogbo ọmọ mọ́, àfi tèmi. Mo wọ̀ ọ́ fún un. Aṣọ ni iṣẹ́ mi. Aṣọ tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, bí èjìká rẹ̀ kò bá já, ìbàdí rẹ̀ á há. Èyí jókòó sí èjìká, ó jókòó sí ìbàdí, etí rẹ̀ dúró sí orúnkún, bí ẹni pé ọmọ náà ti dúró níwájú ẹni tó gé e.

"Ta ló wọ̀n ọ́?"

"Tíṣà. Téèpù yín ni mo mú lọ. Wọ́n ní Àńkù fẹ́ mọ bí mo ṣe ga tó."

"Àńkù wo?"

"Àńkù inú fóònù. Wọ́n mọ orúkọ mi. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ibi tí mo ń sùn."

Mo bọ́ aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀, mo gbé e lọ bá tíṣà.

"Ẹ gbọ́ mi ná, Mọ́mì," ó ní. "Àgbàlagbà ni. Kò bímọ. Òun nìkan ló ń gbé ilé tó tóbi ju gbogbo ilé àdúgbò yìí lọ."

"Ṣé torí pé kò bímọ ló ṣe yẹ kó mọ ìbàdí ọmọ mi?"

Ó wolẹ̀. "Òun ló ń sanwó ilé yìí báyìí. Tí mo bá ní rárá, a máa tì í ni. Àwọn ọmọ tó kù ńkọ́?"

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn títí di òní.

Mi ò jẹ́ kí ọmọ mi lọ sí lẹ́sìnì mọ́, ilé ìwé nìkan ló ń lọ. Àwọn ìyá kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó mú aṣọ dání nínú wọn. Ọ̀kan, tó ti Ọ̀ṣun wá, tó yá yàrá kan lẹ́yìn ilé wa, ló gbẹnu sọ fún wọn.

"Àǹtí, ẹ ṣàánú wa. Ìkúnlẹ̀ lásán ni. Kò kúkú lè nawọ́ láti ọ̀hún kó kàn án."

"Tó bá wá ńkọ́?"

"Kí ni olówó fẹ́ wá wá sí Ìsọlọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò dá ọmọ mi padà sí lẹ́sìnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ wà nílé ìwé, tíṣà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wọlé. Ó ní ọkùnrin náà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, pé ó fẹ́ wá mú ọmọ náà lọ kàwé.

"Mo sọ fún un pé ẹ ò fẹ́, Mọ́mì."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kò sí òbí níbí tí kò ní fẹ́, tó bá ti gbọ́ iye tóun máa san."

"Ṣé ẹ ti sọ ilé wa fún un?"

Ó ń wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi. "Ó ti pẹ́. Nígbà tó fẹ́ fi aṣọ ránṣẹ́, ó ní ilé ọmọ gan-an lòun fẹ́ kọ sára àpótí."

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ mú ọmọ mi kí wọ́n tó jáde. Gbogbo ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú ni mo ń wo inú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé bi mí bóyá ẹnì kan kú ni. Mo ní rárá. A ò gba ọ̀nà ilé. Òṣòdì la gbà, láti ibẹ̀ la ti wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló padà lọ kó ẹrù wa.

Aládùúgbò wa ti òkè pè mí lẹ́yìn náà. Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọkọ̀ kan dúró síwájú ilé lọ́sàn-án, ó pẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní wọn ò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí tó fi lọ.